Ìnhélà Mélòó Ni Ẹ Rà Lọ́dún Yìí?

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì kan, mo wà lórí ìlà ní ilé ìtajà òògùn kan ní Ìbàdàn. Ìyá kan wà níwájú mi, ó di ọmọkùnrin kékeré kan lọ́wọ́ mú. Kò mú ìwé dókítà kankan dání. Gbogbo ohun tí ó sọ kò ju pé, "Ẹ bá mi mú ìnhélà aláwọ̀ búlúù yẹn kan." Ọ̀dọ́mọbìnrin apòògùn tí ó wà lẹ́yìn káńtà béèrè nọ́ńbà fóònù rẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà, ó wo ojú ẹ̀rọ náà fún ìgbà díẹ̀, ó sì rọra wí pé: "Mà, ẹ ra ọ̀kan lọ́sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn. Ẹ tún ra ọ̀kan lóṣù tó ṣáájú. Ṣé ẹni méjì ló ń lò ó nílé ni?"

Ìyá náà dákẹ́ díẹ̀. "Òun nìkan ni o, dókítà. Òru ló máa ń dà á láàmú jù."

Ìlà gùn lẹ́yìn wa, àwọn kan sì ti ń pòṣé. Síbẹ̀, apòògùn náà kò kàn gba owó kí ó sì jẹ́ kí wọ́n máa lọ. Ó ní kí ọmọ náà fa ìnhélà níṣojú òun, ó tọ́ ọ sọ́nà níbi tí ó ti ṣìṣe, ó sì kọ ìwé kékeré kan tí ìyá rẹ̀ yóò mú lọ sí ilé ìwòsàn. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń rò ó: bí kì í bá ṣe àkọsílẹ̀ inú ẹ̀rọ yẹn, ta ni ìbá mọ̀ pé ọmọ náà kì í sùn?

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, kí a tó lè lóye ohun tí kọ̀ǹpútà náà rí, ó yẹ kí a mọ ohun tí ikọ́ fée, tí ọ̀pọ̀ wa ń pè ní ásímà, ń ṣe nínú ara. Nǹkan méjì ló ń ṣẹlẹ̀ pa pọ̀: inú ọ̀nà èémí a máa wú, iṣan tó yí i ká a sì máa fún un pọ̀. Ìnhélà aláwọ̀ búlúù, tí òògùn salbutamol sábà máa ń wà nínú rẹ̀, a máa tú iṣan náà láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, agbára rẹ̀ a sì máa tó wákàtí mẹ́rin sí mẹ́fà. Ṣùgbọ́n kò wo wíwú náà rárá. Èyí tó ń mú wíwú wálẹ̀ ni ìnhélà adènà, tó ní èròjà sítẹ́rọ́ìdì nínú. Òun ni a ń fà déédéé gẹ́gẹ́ bí dókítà ṣe kọ ọ́, bí ara tilẹ̀ yá, tí a sì ń fi omi ṣan ẹnu lẹ́yìn rẹ̀. Kì í ṣiṣẹ́ lójú ẹsẹ̀. Ó lè gba ọjọ́ mélòó kan tàbí ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ fi ń pa á tì, tí wọ́n sì ń gbára lé èyí tó ń fún wọn ní ìtura kíákíá. Bẹ́ẹ̀ bí iná kò bá tán láṣọ, ẹ̀jẹ̀ kì í tán léèékánná.

Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò díẹ̀. Ìnhélà salbutamol tó wọ́pọ̀ ṣeé fà ní ìgbà 200 kí ó tó tán. Bí ẹnì kan bá ń lo odidi kan tán lóṣù, ó túmọ̀ sí pé ó ń fà á ní ìgbà mẹ́fà tàbí méje lójúmọ́. GINA, ìgbìmọ̀ àgbáyé tó ń ṣe ìlànà ìtọ́jú ikọ́ fée, sọ pé ẹni tó bá lo mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ láàárín ọdún kan wà nínú ewu kí ikọ́ náà kọ lù ú gidigidi. Bí ó bá pé méjìlá, ewu ikú ti ga sí i nìyẹn. Ọdún 2019 ni ìgbìmọ̀ yìí kan náà sọ pé kò yẹ kí àgbàlagbà tàbí ọ̀dọ́ tó ti pé ọmọ ọdún méjìlá máa lo òògùn ìtura kíákíá yìí nìkan mọ́, láìsí adènà níbẹ̀. Lọ́dún 2019 yìí náà, gẹ́gẹ́ bí Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, ṣe fojú bù ú, ikọ́ fée pa ènìyàn bí 455,000 káàkiri ayé.

Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ń gbé, ti kọ́ ẹ̀kọ́ yìí pẹ̀lú omijé. Ní ọdún 2014, wọ́n gbé àbọ̀ ìwádìí jáde lórí ikú ènìyàn 195 tí ikọ́ fée pa. Nínú àwọn 165 tí wọ́n rí iye òògùn ìtura tí wọ́n gbà, àwọn 65 ni dókítà ti kọ ju ìnhélà 12 lọ fún láàárín ọdún tó ṣáájú ikú wọn. Mẹ́fà nínú wọn gbà ju 50 lọ. Àkọsílẹ̀ wà, ẹni tí yóò kà á pọ̀, tí yóò sì ké gbàjarè, ni kò tó. Ní ọdún 2017 ni ètò kan bẹ̀rẹ̀ ní England tó fi owó ru àwọn ilé ìtajà òògùn sókè nígbà náà láti máa wo inú àkọsílẹ̀ wọn, kí wọ́n lè mọ ẹni tó ti gba ju ìnhélà ìtura mẹ́fà lọ láàárín oṣù mẹ́fà láìgba adènà kankan, kí wọ́n sì darí rẹ̀ lọ fún àyẹ̀wò.

Nílé wa ńkọ́? Ìwádìí tí àwọn oníṣègùn Nàìjíríà gbé jáde lọ́dún 2019 fojú bù ú pé àwọn tó ní ikọ́ fée láàárín wa tó mílíọ̀nù 13. Púpọ̀ nínú wọn ń ra òògùn láìsí ìwé dókítà, ọ̀kan níhìn-ín lónìí, ọ̀kan lọ́hùn-ún lọ́la. Láti ìgbà tí iléeṣẹ́ GSK sì ti kéde lóṣù kẹjọ ọdún 2023 pé òun ń kógbá wọlé ní Nàìjíríà, owó ìnhélà ti ga fíofío. Ẹni tí owó rẹ̀ kò tó méjì, èyí tó ń tu ni lára lójú ẹsẹ̀ ni yóò mú. Kọ̀ǹpútà ilé ìtajà òògùn kan kò sì mọ ohun tí ti èkejì mọ̀.

Nítorí náà, ohun tí mo fẹ́ bẹ ẹbí kọ̀ọ̀kan láti ṣe nìyí. Èkíní, ẹ mú ilé ìtajà òògùn kan ṣoṣo, kí ẹ sì máa lo nọ́ńbà fóònù kan náà níbẹ̀, kí àkọsílẹ̀ yín má baà túká. Bí wọn kò bá ní kọ̀ǹpútà, ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ ra ìnhélà sára páálí rẹ̀, kí ẹ ya fọ́tò rẹ̀ sínú fóònù. Èkejì, ẹ jẹ́ kí aago inú fóònù máa rán yín létí adènà. Ẹ̀kẹta, ẹ jẹ́ kí apòògùn wo bí ọmọ ṣe ń fà á. Nígbà tí ó bá ti tọ̀nà, ẹ ya fídíò rẹ̀, kí ìyá àgbà àti olùkọ́ rẹ̀ lè rí i wò. Ẹ̀kẹrin, ìdánwò oníbéèrè márùn-ún kan wà, Asthma Control Test, tí ẹni tó ti pé ọmọ ọdún méjìlá lè ṣe lórí fóònù. Máàkì 25 ló ga jù. Bí ẹ bá gba 19 tàbí kò tó bẹ́ẹ̀, apá kò tíì ká ikọ́ náà. Ẹ̀karùn-ún, ẹ yẹ nọ́ńbà NAFDAC ara páálí wò nínú Greenbook, àkọsílẹ̀ tí àjọ náà gbé sórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Ẹ̀rọ kò lè ṣe gbogbo rẹ̀ ṣá. Bí ọmọ kò bá lè parí gbólóhùn kan kí ó tó mí, bí ètè rẹ̀ bá ń ṣú, bí awọ àárín egungun ìhà rẹ̀ bá ń wọnú, ẹ fún un ní ìnhélà búlúù, kí ẹ sì gbé e lọ sílé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀. Kì í ṣe àkókò fóònù nìyẹn.

Ohun kan tún wà tí kọ̀ǹpútà kò lè yanjú. Mo mọ ilé tí wọ́n ti ń fi ìnhélà ọmọbìnrin pamọ́ kí àna má baà rí i. Irú ilé bẹ́ẹ̀ ni yóò ra ọ̀kan ní Mọ́kọ́lá, tí yóò ra òmíràn ní Dùgbẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà dá wọn mọ̀. Mi ò bá wọn jà. Mo mọ bí ẹnu aráyé ṣe rí. Ẹ ní ẹ̀tọ́ láti béèrè ẹni tó lè rí àkọsílẹ̀ yín, ó sì di dandan fún apòògùn láti pa àṣírí yín mọ́. Ṣùgbọ́n bí a bá fi pamọ́ fún àna, ẹ má ṣe jẹ́ kí a fi pamọ́ fún ẹni tó lè gba ọmọ là.

Kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí, ẹ ṣí ibi tí òògùn ilé yín wà, ẹ ka iye ìnhélà búlúù tí ẹ ti rà lọ́dún yìí, èyí tó ti tán àti èyí tó kù. Bí ó bá ti pé mẹ́ta, ẹ má ju èyí tó kù nù o. Ẹ mú iye náà lọ bá apòògùn yín, kí ẹ sì sọ fún un bí ọmọ ṣe ń sùn lóru.