Olè Tí Kì Í Fọ́ Ìlẹ̀kùn

Ní ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá ọdún 1969, nígbà tí ìjọba Busia pàṣẹ pé kí àlejò tí kò ní ìwé ìgbélùú jáde kúrò ní Gánà láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, ọ̀pọ̀ oníṣòwò Yorùbá ti Tamale, àwọn ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, Ìgbẹ́tì àti Ṣakí, ni ó fi ọjà àti owó tí wọ́n fi ń tọrùn ẹni sílẹ̀ lọ. A mọ bí owó òwò ti í pòórá. Olè ti òde òní ẹ̀wẹ̀ kò ní àṣẹ ìjọba lọ́wọ́, kò sì fọ́ ìlẹ̀kùn; inú fóònù ni ó ń gbà wọlé.

Ẹ wo Lamashegu. Láti ọdún 2009 tí MTN ti gbé owó orí fóònù, MoMo, dé Gánà, kì í ṣe gbogbo owó ni ìyá ọlọ́jà ń dì sí ìdí aṣọ mọ́. Ohun dáradára ni. Ṣùgbọ́n oníjìbìtì a pè é pé, “Ìyá, owó mi ṣèèṣì bọ́ sọ́dọ̀ yín, ẹ dákun ẹ dá a padà.” Ìyá a rí iṣẹ́ kan tí ó jọ ti ilé-iṣẹ́ náà, àánú a ṣe é, a sì fi owó ara rẹ̀ ránṣẹ́. Owó kankan kò wọlé rí! Ìbá ṣe pé ó kọ́kọ́ tẹ *170# wo iye tí ó ní, àṣírí ìbá tú lójú ẹsẹ̀.

Òmíràn a pe ara rẹ̀ ní òṣìṣẹ́, a sì béèrè nọ́mbà àṣírí. Òṣìṣẹ́ tòótọ́ kò ní ohun kan í fi nọ́mbà yẹn ṣe. Èyí tí ó burú jù lójú tèmi ni ti WhatsApp, nítorí orúkọ ni ó ń jí kí ó tó jí owó. Ẹni tí ẹ bá fi nọ́mbà oníhóró mẹ́fà tí ó wọ orí fóònù yín lé lọ́wọ́ ti di ẹ̀yin. Òun ni yóò máa yá owó lọ́wọ́ àwọn oníbàárà yín. Ọ̀fẹ́ ni nọ́mbà ìdènà kejì tí a lè fi sí i.

Ẹ jẹ́ kí a bá ara wa sọ òtítọ́: ìtìjú wa ni ó ń bọ́ olè. Ẹni tí a lù ní jìbìtì a dákẹ́, kí a má baà pè é ní òmùgọ̀. Ní ọ̀la, olè a yà sí ìsọ̀ kejì. Òfin Act 1038 ti ọdún 2020 ni ó dá Cyber Security Authority sílẹ̀, 292 sì ni a fi ń pè wọ́n. Ohun tí a ń béèrè lọ́wọ́ ìjọba àti àwọn ilé-iṣẹ́ fóònù ni pé kí akéde wọn dé Lamashegu, kí ó sọ nọ́mbà yìí ní èdè Dagbani, Haúsá àti Yorùbá, títí ìyá tí kò mọ̀wé yóò fi mọ̀ ọ́n lórí.