Ta Ni Yóò La Òfin Yé Àwọn Oníṣẹ́ Irin Wa?

Ní Òde-Rẹ́mọ, ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, ni ilé-iṣẹ́ Proforce ti ń ṣe ọkọ̀ tí ọta ìbọn kì í wọ̀. Àrá ni wọ́n tilẹ̀ sọ ọ̀kan nínú wọn. Ẹni tí ó bá rí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ yóò yin ẹni tí ó tò ó pọ̀. Ṣùgbọ́n kò sí ilé-iṣẹ́ kan ní ayé yìí tí ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ nìkan ṣe ọkọ̀ ogun láti orí táyà dé orí dígí. Ẹlòmíràn ni ó rọ sípíríǹgì, ẹlòmíràn ni ó rán ìjókòó. Nígbà wo ni àwọn oníṣẹ́ irin Ìbàdàn àti Abẹ́òkúta yóò di ọ̀kan nínú àwọn ẹlòmíràn náà?

Kì í ṣe àìmọṣẹ́ ni ó ń dá wọn dúró, ìwé ni. Ẹni tí ń ra ẹ̀yà ohun ìjà yóò béèrè ibi tí irin ti wá, ẹni tí ó wọ̀n ọ́n, àti ìgbà tí a yẹ ohun tí ó fi wọ̀n ọ́n wò kẹ́yìn. “Ẹ̀gbọ́n mi ni ó tà á fún mi” kì í ṣe èsì.

Ní ọdún 1964 ni ìjọba dá DICON, ilé-iṣẹ́ ohun ìjà, sílẹ̀ ní Kàdúná. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2023, Ààrẹ Tinubu fi ọwọ́ sí òfin titun tí ó fi àbójútó ṣíṣe ohun ìjà sí abẹ́ DICON, tí ó sì ṣí ilẹ̀kùn fún àwọn ilé-iṣẹ́ aládàáni. Ní Amẹ́ríkà pẹ̀lú, láti ọjọ́ 10 oṣù kọkànlá ọdún 2025, wọ́n ti ń kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn iṣẹ́ ológun pé kí agbaṣẹ́ṣe fi hàn bí ó ti ń ṣọ́ ìwé ìjọba tí ó wà nínú kọ̀ǹpútà rẹ̀. Òfin náà sì ń tẹ̀lé ìwé yìí dé ọwọ́ ẹni tí agbaṣẹ́ṣe bá gbé díẹ̀ nínú iṣẹ́ náà fún.

Nítorí náà iṣẹ́ ṣí sílẹ̀ fún àwọn ọ̀dọ́ wa tí ó kàwé nípa òfin tàbí ẹ̀rọ, kí wọ́n di agbaninímọ̀ràn fún àwọn oníṣẹ́ wọ̀nyí. Kí ẹni tí yóò bẹ̀rẹ̀ má ṣe kọ òfin mẹ́wàá sára pátákó rẹ̀. Kí ó mú ẹyọ kan tí ó mọ̀ dunjú. ISO 9001 ni àwa ìbá kọ́kọ́ dá lábàá, nítorí orí rẹ̀ ni AS9100, ìlànà àwọn tí ń ṣe ẹ̀yà ọkọ̀ òfuurufú, dúró lé. Kí ó lọ jókòó nínú ìsọ̀ oníbàárà rẹ̀, kí ó wo bí wọ́n ti ń ṣe é, kí ó tó kọ ohunkóhun. Àwa ti rí ìwé ìlànà kan rí tí orúkọ ilé-iṣẹ́ ẹlòmíràn ṣì wà ní ojú-ewé kẹta rẹ̀. Ẹni tí ó tà á ti gba owó, ó sì ti lọ. Ní ti owó, kí ó gbà á díẹ̀díẹ̀ bí iṣẹ́ ti ń lọ.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti ká wa lára jù nìyí. Ẹni tí ó kọ́ ọmọ kò gbọdọ̀ jẹ́ ẹni tí yóò máàkì ìwé ìdánwò rẹ̀. Ìlànà àgbáyé, ISO/IEC 17021, kà á léèwọ̀ pé kí ilé-iṣẹ́ tí ń fúnni ní ìwé-ẹ̀rí tún máa ta ìmọ̀ràn. Ẹni tí ó bá wí fún yín pé òun yóò ṣe méjèèjì pọ̀ ní owó kan ṣoṣo, ẹ ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn. Bí irin kò bá dára, kí agbaninímọ̀ràn wí pé kò dára, ìbáà jẹ́ pé owó rẹ̀ yóò bọ́. Àwọn ọmọ wa ni ó ń jókòó nínú irú ọkọ̀ wọ̀nyí ní Borno.

Ó kan àwọn ará wa lẹ́yìn odi pẹ̀lú. Bí ẹnì kan tí ó ní ìsọ̀ ní Nkembo, ní Libreville, bá ránṣẹ́ sí Èkó fún ẹ̀yà ìbọn, bí ó tilẹ̀ kéré bí sípíríǹgì, òfin méjì ni ó dúró dè é: àdéhùn ECOWAS ti ọdún 2006 ní ìhà tiwa, àti àdéhùn Kinshasa ti ọdún 2010, tí Gabon wà nínú rẹ̀, ní ìhà tiwọn. Agbaninímọ̀ràn tí ó gbọ́ Faransé yóò rí iṣẹ́ ṣe níbẹ̀.

Ohun tí a ń béèrè lọ́wọ́ DICON kò pọ̀: kí ó kọ ohun tí ó ń fẹ́ lára ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan, àti ibi tí a ó ti yẹ̀ ẹ́ wò, ní èdè tí ó rọrùn, kí ó sì fi í ránṣẹ́ sí àwọn ẹgbẹ́ oníṣẹ́ irin láti Òde-Rẹ́mọ dé Nnewi.