Ọgbẹ́ Iná Ti Jinná, Ẹsẹ̀ Kò Tíì Sàn
Láti ọwọ́ Olùkọ̀wé Ètò Ìlera

Nígbà tí ẹbí bá gbọ́ pé ojú ọgbẹ́ ẹni tí iná jó ti dí, ọpẹ́ ni wọ́n máa ń dá. Wọ́n á san gbèsè ilé ìwòsàn, wọ́n á kó ẹrù, wọ́n á gbé aláìsàn wọ ọkọ̀. Ọpẹ́ yẹ lóòótọ́, nítorí iná tó bá jó itan àti ojúgun wọnú lè gbẹ̀mí èèyàn. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń sáré gun àtẹ̀gùn kí gáàsì tó bú gbàù, tàbí kí kẹrosíìnì àdàlù tó gbiná, kò lè dìde lórí ṣálángá mọ́ láìdi ògiri mú. Ìtọ́jú ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀ kò tíì parí rárá. Ilé ìwòsàn tó bá dá a sílẹ̀ láìṣètò eré ìdárayá olóṣù gbọọrọ fún un ti fi iṣẹ́ sílẹ̀ láàbọ̀.

Kì í ṣe ibi tí iná bà nìkan ni iṣan ti ń joro. Bí iná bá jó apá tó pọ̀ lára èèyàn, ara a máa ṣiṣẹ́ lọ́sàn-án lóru láti tún ara rẹ̀ ṣe, oúnjẹ tó ń wọlé kì í sì í tó o. Yóò wá yíjú sí ẹran ara aláìsàn fúnra rẹ̀, yóò máa tú u palẹ̀ láti fi wo ọgbẹ́. Èyí lè máa bá a lọ ju ọdún kan lọ, nígbà tí awọ ti jinná tipẹ́. Ìdùbúlẹ̀ tún wà níbẹ̀: itan tí kò gbé ara dúró fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan yóò tín-ín-rín. Nígbà mìíràn, itan tí iná kò bà ni dókítà ti máa ń bẹ awọ tí yóò lẹ̀ mọ́ ojú ọgbẹ́, ìrora ibẹ̀ kì í sì í jẹ́ kí ẹsẹ̀ yẹn náà fẹ́ mira.

Àánú ẹbí ló tún máa ń dá kún un. Ìyá tàbí ìyàwó á ki ìrọ̀rí bọ abẹ́ orúnkún aláìsàn kí ara lè tù ú. Ara á tù ú, àmọ́ ipò tó tù ú yẹn gan-an ló léwu. Àpá iná a máa sún kì fún oṣù púpọ̀, láti bí oṣù 6 títí dé ọdún 2, kó tó rọ̀. Bó bá bá orúnkún ní kíká, kíká ni yóò mú un mọ́. Gìgísẹ̀ náà á gbé sókè, ìka ẹsẹ̀ ni aláìsàn á máa fi tẹlẹ̀. Bó bá ti dà bẹ́ẹ̀ tó sì le tán, agbára itan nìkan kò lè na orúnkún náà mọ́, iṣẹ́ abẹ ló kù. Àwọn kan á ní kí wọ́n jẹ́ kó sinmi ná. Òtítọ́ ni, fún ìwọ̀nba ọjọ́ tí awọ tuntun fi ń mú, dókítà ló sì ń pinnu iye ọjọ́ náà. Tó bá ti kọjá bẹ́ẹ̀, ìsinmi ti di ìpalára.

Iṣẹ́ físíò, olùtọ́jú tó ń fi eré ìdárayá dá agbára ara padà, kò ní idán nínú. Á ki àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ bọ abẹ́ orúnkún aláìsàn, á ní kó fi orúnkún tẹ ọwọ́ náà mọ́ bẹ́ẹ̀dì. Iṣan iwájú itan á le gbandi. Àpá ẹ̀yìn orúnkún á nà títí yóò fi máa dán, tí àwọ̀ rẹ̀ á ṣí. Aláìsàn á di irin bẹ́ẹ̀dì mú, físíò á máa kà díẹ̀díẹ̀, á ní kó sinmi, á tún ní kó tẹ̀ ẹ́. Bí kò bá ti lo oògùn ìrora ṣáájú, ó ṣòro kó gbà fún ẹ̀ẹ̀kejì. Tó bá yá, á máa gbé gìgísẹ̀ sókè, wọ́n á so àpò iyanrìn kékeré mọ́ ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀, á máa dìde lórí àga láìfọwọ́ ti nǹkan, títí yóò fi kan àtẹ̀gùn. Lóṣù àkọ́kọ́, kó tó fẹsẹ̀ tẹlẹ̀, báńdéèjì tó ń fà ni wọ́n á fi wé e láti ìka dé orúnkún, kí ẹ̀jẹ̀ má bàa rọ́ jọ sísàlẹ̀ kó sì ba awọ tuntun jẹ́.

Awọ tí wọ́n lẹ̀ kì í làágùn bó ṣe yẹ. Nílẹ̀ tí oòrùn ti ń mú bí ilẹ̀ Yorùbá, àárọ̀ kùtù tàbí ìrọ̀lẹ́ ló yẹ irú eré ìdárayá yìí. Ẹyin, ẹja àti ẹ̀wà gbọ́dọ̀ pọ̀ nínú oúnjẹ aláìsàn, nítorí ẹ̀kọ lásán kò lè dá ẹran itan padà.

Ẹ̀rí wà pé iṣẹ́ yìí ń so èso. Ní ilé ìwòsàn ọmọdé Shriners ní Galveston, ìpínlẹ̀ Texas ní Amẹ́ríkà, Oscar Suman àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣètò eré ìdárayá agbára fún àwọn ọmọ tí iná ti jó ju ìdá 40 nínú 100 ara wọn lọ. Oṣù 6 lẹ́yìn ìjàm̀bá ni wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì fi ọ̀sẹ̀ 12 ṣe é lójú olùtọ́jú, nígbà tí àwọn ọmọ mìíràn ń ṣe èyí tí wọ́n máa ń ní kí èèyàn lọ ṣe nílé. Ní ọdún 2001 tí ìwádìí náà jáde, àwọn tó ṣe é lójú olùtọ́jú ni agbára ẹsẹ̀ wọn ròkè jù. Oṣù 6 kò pẹ́ jù láti bẹ̀rẹ̀, nígbà náà, pípaṣẹ fún aláìsàn pé kó máa rìn díẹ̀díẹ̀ nílé kò sì tó.

Nàìjíríà ní àwọn tó lè ṣe é: Yunifásítì Ìbàdàn, ti Èkó àti Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ń kọ́ àwọn físíò. Owó àti ọ̀nà ló ń dí aláìsàn lọ́wọ́. Láti ìgbà tí ọ̀pá epo gbiná ní Jesse ní 1998 dé ti Abúlé-Ẹ̀gbá ní 2006, iye òkú ni ìròyìn ń kà, ẹnikẹ́ni kì í sì í béèrè àwọn tó yè bọ́. Ẹni tó ti ta ọjà ìsọ̀ rẹ̀ fi sanwó bẹ́ẹ̀dì, níbo ni yóò ti rí owó ọkọ̀ tí yóò máa fi padà wá lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀? Òfin ètò adójútòfò ìlera ti 2022 ti sọ ọ́ di dandan fún gbogbo ará ìlú láti wà lábẹ́ ètò náà. Kí àwọn alákòóso ètò náà ka oṣù mẹ́ta físíò mọ́ owó ìtọ́jú iná bí wọ́n ṣe ń ka abẹ́rẹ́ àti báńdéèjì mọ́ ọn. Kí ọsibítù ìjọba tó sún mọ́ ilé aláìsàn gbà á lọ́wọ́ ilé ìwòsàn ńlá. Kí ìwé ìdásílẹ̀ sì máa sọ ju bí ojú ọgbẹ́ ṣe rí lọ: iye ìgbà tí aláìsàn lè dìde lórí àga láìfọwọ́ ti nǹkan, bí orúnkún rẹ̀ ṣe nà tó, àti ọjọ́ tí físíò tún ń retí rẹ̀.