Ta Ni Ó Yẹ Kí Ó Jókòó Lẹ́yìn?

Ní ọjọ́ Ìsinmi kan, mo bá wọn jọ́sìn ní Òkákà, nínú ìjọ kan tí n kò ní dárúkọ. Lórí bẹ́ǹṣì tí ó kángun sí ẹnu ọ̀nà, ọmọbìnrin kan dá jókòó. Ó lóyún. Wọ́n ti yọ ọ́ kúrò nínú ẹgbẹ́ akọrin, wọ́n sì ti fi í sí abẹ́ ìbáwí, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni pè é kí ó wá sọ tẹnu rẹ̀. Mo béèrè lọ́wọ́ ẹni tí ó gbà mí lálejò pé ẹni tí ó fún un lóyún ńkọ́? Ó rẹ́rìn-ín, ó fi àgbọ̀n júwe iwájú. Ọkùnrin náà wà láàrin àwọn tí ń gbé agbọ̀n ọrẹ kiri. Bí mo ti fẹ́ sọ̀rọ̀, ó ní, "Ẹ rọra, ẹ̀gbọ́n. Jésù ní kí a má ṣe dá ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́."

Ìlò tí a ń lo ẹ̀kọ́ yìí ni mo bá wí. Bí ọ̀rọ̀ bá kan olówó tàbí àgbà ìjọ, a ó rántí pé Ọlọ́run nìkan ni onídàájọ́. Bí ó bá kan ọmọ tálákà, iyè wa a fò lọ.

Ǹjẹ́ bẹ́ẹ̀ ni Jésù wí? Nínú Mátíù orí keje, ẹni tí ìtì igi wà lójú rẹ̀ ni ó fẹ́ yọ ẹ̀rún igi lójú ẹlòmíràn. Jésù kò ní kí ẹ̀rún igi náà máa gbé ibẹ̀. Ó ní kí onítọ̀hún kọ́kọ́ yọ tirẹ̀ ná. Ó sì sọ̀rọ̀ nípa òṣùwọ̀n. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ń ra èlùbọ́ ní ọjà Òkè-Ògùn mọ ìtumọ̀ rẹ̀: kóńgò tí a ti tẹ ìdí rẹ̀ wọnú kì í ṣe kóńgò mọ́, bí a tilẹ̀ wọn ọjà kún un dé ẹnu.

Ẹ wo obìnrin tí wọ́n fà lọ bá Jésù nínú Jòhánù orí kẹjọ. Wọ́n ní orí àgbèrè gan-an ni ọwọ́ ti tẹ̀ ẹ́. Ó dára, ṣé òun nìkan ni ó ń ṣe é ni? Òfin Mósè tí wọ́n ń tọ́ka sí ka ọkùnrin mọ́ obìnrin. Ọkùnrin náà ti lọ sílé. Bóyá òun náà ń gba ọrẹ níbì kan.

Ti ìdájọ́ láìgbọ́ tẹnu ẹni, ilẹ̀ Òkè-Ògùn yìí kan náà ni ẹni tí ó jẹ nínú ìyà rẹ̀ ti wá. Ní Òsogùn ni wọ́n ti kó Àjàyí Crowther lẹ́rú ní ọdún 1821. Ní ọdún 1864, ó di ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tí Ìjọ Áńgílíkà fi jẹ bíṣọ́ọ̀bù. Nígbà tí ó fi di oṣù kẹjọ ọdún 1890, ó ti di arúgbó. Ní ìpàdé ìgbìmọ̀ ìnáwó ní Onitsha, àwọn ọ̀dọ́ ajíyìnrere láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kọjú sí i. Wilmot Brooke, ọ̀kan nínú wọn, kò tíì pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún. Wọ́n dá àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ dúró lẹ́nu iṣẹ́, títí kan Dandeson ọmọ rẹ̀. N kò sọ pé gbogbo òṣìṣẹ́ náà ni ó mọ́. Àwọn kan ṣẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó fẹ̀sùn kàn wọ́n ni ó tún dá wọn lẹ́jọ́. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Àwọn baba wa ti mọ èyí kí Bíbélì tó dé ọ̀dọ̀ wa. Crowther fi ìgbìmọ̀ náà sílẹ̀, ó sì kú ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá ọdún 1891. Ọdún 2014 ni Justin Welby, tí ó jẹ́ bíṣọ́ọ̀bù àgbà Canterbury nígbà náà, tó tọrọ àforíjì lórí ohun tí wọ́n ṣe sí i.

Kí ìjọ Òkákà pe àwọn méjèèjì, kí wọ́n gbọ́ tẹnu wọn. Bí ìbáwí bá tọ́, bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn gba ènìyàn méjì. Bí wọn kò bá lè gbé ọkùnrin náà síbẹ̀, kí wọ́n jẹ́ kí ọmọbìnrin náà padà sáàrin akọrin. Ó ti ní láti bímọ báyìí. Bí ó bá gbé ọmọ náà wá síwájú pẹpẹ fún ìdúpẹ́, bàbá ọmọ ni yóò na agbọ̀n ọrẹ sí i.