Pátá Kọ́ o, Ṣòkòtò Ni!

Ẹ̀yin télọ̀, ẹ gbọ́ èyí ná. Ká sọ pé bàbá télọ̀ kan ní Mushin gba iṣẹ́ láti Houston, l'Amẹ́ríkà. Ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sọ́hùn-ún ló fẹ́ gbéyàwó, aṣọ tí àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ máa wọ̀ ló fẹ́ rán. Ó kọ ọ́ sínú ìwé: bùbá 12, fìlà 12, pants 12, ànkàrá kan náà ni kí wọ́n fi rán gbogbo ẹ̀.

Bàbá télọ̀ wo ìwé, ó bú sẹ́rìn-ín. "Ta ló ń fi ànkàrá rán pátá? Ọmọ yìí ń ṣeré ni!" Ó rán bùbá, ó rán fìlà, ó ní kí ìyàwó òun lọ ra pátá méjìlá lọ́jà, wọ́n kó gbogbo ẹ̀ sínú páálí. Ìgbéyàwó ku ọ̀la kí wọ́n tó tú páálí lóhùn-ún. Géńdé méjìlá, bùbá wà lọ́rùn, kò sí ṣòkòtò! Ìdajì owó tó kù ńkọ́? Ta ló máa san án?

Bẹ́ẹ̀ bàbá ò kúkú jẹ̀bi tán. Gẹ̀ẹ́sì tó gbọ́ láti kékeré, ti Ìlú Ọba ni. Lọ́dọ̀ tiwọn, trousers ni ṣòkòtò, pants ni ti abẹ́. Ará Amẹ́ríkà ní tiẹ̀, pants ló ń pe ṣòkòtò, ìbáà jẹ́ ti súùtù. Bó bá fẹ́ pátá ọkùnrin, underpants tàbí underwear ló máa sọ. Panties ni tobìnrin.

Ọ̀rọ̀ pants yìí, ara pantaloons ni wọ́n ti gé e. Ara Pantalone ni wọ́n sì ti mú ìyẹn, bàbá arúgbó ahun kan nínú eré orí ìtàgé àwọn ará Ítálì láyé ọjọ́un, tí ṣòkòtò ẹ̀ máa ń fún mọ́ ọn lẹ́sẹ̀. Ahun, ó tún fún ṣòkòtò pọ̀!

Níkà náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Níhìn-ín, ṣòkòtò pénpé ọmọ iléèwé ni. Ẹni tó bá wọ ṣọ́ọ̀bù ní London tó ní òun ń wá níkà fún ọmọkùnrin òun, ìdí aṣọ abẹ́ obìnrin ni wọ́n máa júwe fún un. Shorts ni kó sọ.

Ohun tí bàbá télọ̀ ì bá ṣe ò ju kó béèrè gígùn ẹsẹ̀ ẹ̀ lọ. Bí ọmọ yẹn bá ti lè dá a lóhùn pé íǹṣì 42, pátá wo ló gùn tóyẹn?