Ẹ̀yáwó fún Àtúnṣe Ilé Ẹ̀kọ́ Girama

Ní ọdún 1919 ni a dá Ondo Boys' High School sílẹ̀ ní ìlú Oǹdó. Ní Àkúrẹ́, Aquinas College bẹ̀rẹ̀ ní 1951, Oyemekun Grammar School sì tẹ̀ lé e ní 1953. Owó kòkó ni ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ agbègbè wa fi rán ọmọ wọn lọ sí irú ilé ẹ̀kọ́ báwọ̀nyí. Ṣùgbọ́n ilé a máa gbó bí ènìyàn ti ń gbó. Ní ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ girama ìjọba lónìí, òrùlé ń jò, ògiri sì ti sán.

Ta ni yóò tún wọn ṣe? Òfin ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ ti ọdún 2004 ń mú owó wá láti Abuja fún ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti kíláàsì mẹ́ta àkọ́kọ́ ní girama. Kò kan kíláàsì mẹ́ta ti òkè. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́jáde ń gbìyànjú, a sì dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ṣùgbọ́n ilé ẹ̀kọ́ tí kò ní akẹ́kọ̀ọ́jáde olówó ńkọ́? Ìdí nìyí tí a fi ń sọ pé kí ìjọba Ìpínlẹ̀ Oǹdó ta ìwé ẹ̀yáwó tí à ń pè ní bọ́ǹdì, fún àtúnṣe ilé ẹ̀kọ́ girama nìkan, kí gbogbo ìlú sì tì í lẹ́yìn.

Àwọn kan yóò ní gbèsè ni. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n gbèsè ju gbèsè lọ. Ẹni tí ó yá owó ṣe ìnáwó òkú, bí ẹran bá tán, gbèsè nìkan ni yóò ṣẹ́ kù fún un. Ẹni tí ó yá owó dá oko kòkó yóò ní sùúrù fún ọdún díẹ̀, ṣùgbọ́n oko náà ni yóò san gbèsè, tí yóò tún bọ́ ọmọ-ọmọ rẹ̀. Ilé ẹ̀kọ́ kò yàtọ̀ sí oko kòkó.

Ọ̀nà yìí kì í ṣe tuntun. Ní 2012, ìpínlẹ̀ wa fi bọ́ǹdì yá ₦27 bílíọ̀nù fún ọdún méje, èlé rẹ̀ sì jẹ́ ₦15.50 lórí ₦100 lọ́dọọdún. Èlé náà wúwo. Yálà a ná irú owó bẹ́ẹ̀ dáradára, yálà a ná an ní ìnákúnàá, dandan ni sísan rẹ̀. Nítorí náà, kí a tó yá kọ́bọ̀, kí ìjọba kéde orúkọ ilé ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan àti iye tí yóò gbà. Kí owó náà ní àpò tirẹ̀. Kí àwọn òbí, olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́jáde wà nínú ìgbìmọ̀ tí yóò máa yẹ iṣẹ́ náà wò, kí a sì máa ka ìṣirò rẹ̀ sí etígbọ̀ọ́ ìlú ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta.

Kí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn ní January 17, 1955, sílè mẹ́wàá àti sísì tí ìjọba bù lé ará ìlú bí ọ̀pọ̀ ènìyàn nínú, ó sì wà nínú ohun tí ó mú kí ẹgbẹ́ Action Group fìdí rẹmi nínú ìdìbò àpapọ̀ ti 1954. Lónìí, ta ni ń kábàámọ̀ ẹ̀kọ́ náà?

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́, ẹ̀yin àgbẹ̀ wa, ẹ bá aṣojú yín ní ilé aṣòfin Àkúrẹ́ sọ̀rọ̀ náà. Ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà.