Bí gbogbo ọkọ̀ bá ń fọn fèrè, ta ni yóò yà fún panápaná?

"Lọ́yà, ìwọ lo máa bá wa kọ lẹ́tà yẹn o."

Ohun tí bàbá alága àdúgbò wa ní Ìjòkò sọ fún mi nìyẹn níparí ìpàdé oṣù tó kọjá. Àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò tí wọ́n yọ̀ǹda ara wọn láti máa pa iná fẹ́ kí ìjọba gbà wọ́n láyè láti gbé sáírìn àti iná tó ń ṣẹ́jú sórí ọkọ̀ ara wọn. Wọ́n tiẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í dáwó. Sienna kan ni wọ́n fẹ́ kọ́kọ́ fi bẹ̀rẹ̀.

Mo ní mi ò ní kọ ọ́. Ojú tí wọ́n fi wò mí lọ́jọ́ náà, ẹ má bi mí.

Kí ẹ tó dá mi lẹ́bi, ẹ jẹ́ kí n sọ bí ọ̀rọ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀. Nígbà ọyẹ́ tó kọjá, iná ṣẹ́ yọ ní ṣọ́ọ̀bù ìyá kan tó ń ta fóòmù ládùúgbò wa. Ẹ mọ bí fóòmù ṣe máa ń jó. A pe panápaná, wọ́n sì gbéra. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá mọ ọ̀nà tó ti Sángo wọ Ìjòkò mọ ohun tí mò ń sọ: kòtò, tírélà, kẹ̀kẹ́ Màrúwá, ọlọ́kadà, ọjà tó ti ya wọ títì. Kí ọkọ̀ wọn tó dé, àwọn ọ̀dọ́ yìí kan náà ló já ilẹ̀kùn, tí wọ́n ń fa omi kànga, tí wọ́n ń da yanrìn. Wọn ò rí ṣọ́ọ̀bù gbà là, ṣùgbọ́n iná ò ran ilé ẹ̀yìn rẹ̀, níbi tí àwọn ọmọ kéékèèké ti ń sùn. Ọ̀kan nínú àwọn tó pa iná ṣì ní àpá rẹ̀ lápá di òní. Torí náà, kí ẹnikẹ́ni má sọ pé mi ò mọ rírì wọn.

Nígbà tí panápaná dé, dẹ́rẹ́bà wọn ń mí gúle gúle. Ó ní láti Sángo ni sáírìn òun ti ń ké, àwọn èèyàn kàn ń wo òun ni. "Wọ́n rò pé olóṣèlú kan ló ń sáré lọ síbi àríyá."

Gbólóhùn yẹn ò kúrò lọ́kàn mi títí di òní.

Yorùbá ní ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Ajá la máa ń dá lẹ́bi nínú òwe yìí. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ pé gbogbo ẹni tó wọ inú igbó ló ń fọn fèrè ńkọ́? Báwo ni ajá ṣe fẹ́ mọ ti ọdẹ tó ni ín? Ibi tí a bá ara wa dé lójú pópó Nàìjíríà nìyẹn. Etí wa ò di. Fèrè ló ti pọ̀ jù.

Ṣé òfin ò sí ni? Ó wà. Ìlànà ìrìnnà ojú pópó ti ọdún 2012, tí àjọ FRSC ń lò, ti ya ẹni tó lẹ́tọ̀ọ́ sí sáírìn sọ́tọ̀: ọkọ̀ tó ń gbé aláìsàn, panápaná, ọlọ́pàá àti irú wọn, pẹ̀lú ìwọ̀nba àwọn aláṣẹ ńlá bíi ààrẹ àti gómìnà. Alága káńsù ò sí níbẹ̀, ọkọ ìyàwó ò sí níbẹ̀, ẹni tó kàn lówó ò sí níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ dúró sí tóò-géètì Ọ̀tà fún wákàtí kan péré, kí ẹ ka iye jíìpù aládàáni tó máa fọn ọ́n kọjá. Àṣẹ máa ń wá, á tún lọ. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2022, ọ̀gá àgbà ọlọ́pàá nígbà náà, Usman Alkali Baba, fòfin de nọ́ńbà ọkọ̀ SPY torí báwọn èèyàn ṣe ń fi rú òfin ìrìnnà. Ṣé ìyẹn ní kí àwọn ọlọ́lá máa tò sórí ìlà bíi tiwa? Ẹ̀yin náà ẹ dáhùn.

Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́ náà bi mí ní ìpàdé pé: "Bùrọ̀dá Lọ́yà, tí àwọn ọ̀gá bá ń fọn ọ́n lọ jẹun, kí ló dé tí àwa tá a fẹ́ lọ pa iná ò lè fọn ọ́n?"

Ìbéèrè gidi ni. Mo dákẹ́ díẹ̀ kí n tó fèsì.

Èsì àkọ́kọ́ ni ti òfin. Ká ní Sienna yẹn ń sáré lọ síbi iná, sáírìn ń ké, ó wá gbá ọmọ iléèwé kan. Èrò rere ò ní gba dẹ́rẹ́bà náà sílẹ̀ ní kóòtù. Wọ́n á bi í pé ta ló fún un láṣẹ, ta ló kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń wa ọkọ̀ pàjáwìrì. Iléeṣẹ́ ìbánigbófò gan-an lè sọ pé ọ̀rọ̀ náà ò kan àwọn. Ẹni tó jáde láti gba ẹ̀mí là á wá di ọ̀daràn.

Èkejì, ẹ jẹ́ ká sọ òtítọ́ fúnra wa. Lóṣù kìíní, iná ni sáírìn yẹn máa sáré lọ pa. Lóṣù kẹta, ó máa gbé alága lọ sí ìpàdé. Tó bá máa fi di Kérésìmesì, ó ti ń ṣáájú mọ́tò ìyàwó. Bí ti àwọn tá à ń bú yìí náà ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Àwọn kan ní wọ́n ń ṣe é lókè òkun. Òótọ́ ni, àmọ́ ẹ gbọ́ ọ tán. Ní ìpínlẹ̀ New York, panápaná tó yọ̀ǹda ara rẹ̀ lè gbé iná aláwọ̀ búlúù sínú ọkọ̀ rẹ̀ tí ọ̀gá rẹ̀ bá fọwọ́ sí i lórí ìwé. Ṣùgbọ́n ẹ̀bẹ̀ lásán ni iná yẹn. Kò fún un láyè láti já iná ojú pópó tàbí láti sáré kọjá ohun tí òfin sọ. Ní Britain, panápaná tí wọ́n pè láti ilé á wa ọkọ̀ rẹ̀ lọ sí ibùdó bíi gbogbo èèyàn. Orí ọkọ̀ panápaná ni iná búlúù wà.

Èsì kẹta ló ṣe pàtàkì jù lójú mi. Ìdí tí àwọn ọ̀dọ́ wa fi wúlò ni pé wọ́n ti wà níbẹ̀. Ẹni tó ń gbé lẹ́yìnkùlé ibi tí iná ti ń jó ò nílò sáírìn, ẹsẹ̀ ló nílò. Omi ló nílò, àti àgbá pupa tí wọ́n fi ń pa iná, àti ẹni tó máa kọ́ ọ pé wọn kì í da omi sí iná epo bẹntiróòlù. Ọkọ̀ ńlá tó ń ti ọ̀nà jíjìn bọ̀ ló nílò sáírìn, ó sì nílò kí sáírìn yẹn ní ìtumọ̀ létí wa.

Torí náà, mo kọ lẹ́tà mìíràn. A ní kí iléeṣẹ́ panápaná ìpínlẹ̀ Ògùn wá kọ́ àwọn ọ̀dọ́ wa níṣẹ́. A ní kí wọ́n gbé ọkọ̀ panápaná kan sítòsí wa, kí wọ́n sì gbẹ́ kànga-dẹ̀rọ kan sí oríta tí ọkọ̀ náà á ti lè fa omi. A ní kí ọlọ́pàá, FRSC àti àwọn TRACE bẹ̀rẹ̀ sí í tú sáírìn kúrò lára ọkọ̀ tí kò lẹ́tọ̀ọ́ sí i, kí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ láti òkè. Kò ṣòro: ọ̀pọ̀ ará Èkó ló rántí pé nígbà tí Babátúndé Fáṣọlá ń ṣe gómìnà, láti 2007 di 2015, ọkọ̀ rẹ̀ kì í fọn sáírìn. Inú gósúlò ló máa ń jókòó sí bíi tèmi tìrẹ.

Bàbá alága ti fọwọ́ sí lẹ́tà náà. Àwọn ọ̀dọ́ ṣì ń kùn sí mi, mo sì gbà á. Owó tí wọ́n dá, a ti fi ra àgbá ìpaná mẹ́rin.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń ka èyí nínú bọ́ọ̀sì, tẹ́ ẹ bá gbọ́ sáírìn lẹ́yìn yín lónìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní kí dẹ́rẹ́bà yà. Ó lè jẹ́ ọ̀gá kan ló ń lọ jẹun lóòótọ́. Ó sì lè jẹ́ pé ṣọ́ọ̀bù ìyá yín ni wọ́n ń sáré lọ.